Ẹ̀rọ ìṣirò redundancy ti GOV.UK: kò ṣì ṣírò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó ló ń kà

Ọ̀gá ilé oúnjẹ ní Peckham ní London tó fẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ torí pé iṣẹ́ náà kò sí mọ́, orí GOV.UK, ojúlé ìjọba UK lórí ayélujára, ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ̀rọ ìṣirò owó redundancy, ìyẹn owó tí òfin ní kí ẹ san fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́, wà níbẹ̀ fún àwọn agbanisíṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ohun mẹ́rin ló máa bi yín: ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ọjọ́ orí òṣìṣẹ́, iye ọdún tó ti bá yín ṣiṣẹ́, àti owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó-orí.

Òfin tó ń tẹ̀ lé kò le. Ọdún tí òṣìṣẹ́ fi ṣiṣẹ́ kó tó pé ọmọ 22, owó ààbọ̀ ọ̀sẹ̀ ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 22 dé 40, ọ̀sẹ̀ kan. Láti 41 lọ sókè, ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kò ní gba owó náà, wọn kì í sì kà ju ọdún 20 lọ. Owó ọ̀sẹ̀ náà ní ibi tó máa ń dé dúró: £719 fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ parí láàárín 6 Oṣù Kẹrin 2025 sí 5 Oṣù Kẹrin 2026. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ ṣeré. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ £850, £850 ni kí ẹ kọ. Ẹ̀rọ máa gé e fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹ bá kọ sí i ló máa ń bà á jẹ́. Ẹni tó ṣe ọdún mẹ́fà àti oṣù 11, ọdún mẹ́fà ni. Àmọ́ bí ẹ bá lé e lọ láìfún un ní nótíìsì (àkókò ìkìlọ̀ kí iṣẹ́ tó parí), òfin á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nótíìsì rẹ̀ kún un, ó di ọdún méje. Ẹ̀rọ kò lè mọ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹni tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kì í dọ́gba: ẹ kó owó ọ̀sẹ̀ 12 tó ṣáájú ọjọ́ nótíìsì jọ, ẹ fò ọ̀sẹ̀ tí kò gba nǹkan kan, ẹ mú ọ̀sẹ̀ mìíràn tó ṣáájú wọn rọ́pò, kí ẹ wá pín in sí 12.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ ọmọ ọdún 45 tó ti ṣe ọdún 10, tó ń gba £600 lọ́sẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn 41 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọdún mẹ́fà tó kù náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: £7,200. Ẹ̀rọ dákẹ́ síbẹ̀. Nótíìsì ọ̀sẹ̀ 10 ṣì wà lọ́rùn yín, £6,000 nìyẹn bí ẹ kò bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ìsinmi ọjọ́ 10 bá ṣẹ́kù tí kò tíì lò, £1,200 tún wọlé. Gbogbo rẹ̀ di £14,400, ìlọ́po méjì gééré. Owó redundancy kì í san owó-orí bí kò bá ju £30,000 lọ, àmọ́ owó nótíìsì àti ti ìsinmi ń gba inú payroll (ètò ìsanwó oṣù tí a ti ń yọ owó-orí) kọjá, ẹ̀yin náà á sì san National Insurance (owó ìbánigbófò ìjọba) tiyín lé e. Èmi ì bá ní kí wọ́n fi ìbéèrè méjì péré kún un: ti nótíìsì àti ti ìsinmi.

Kò tún ní bi yín pé èèyàn mélòó ló ń lọ. Bí wọ́n bá tó 20 níbi iṣẹ́ kan láàárín 90 ọjọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣojú wọn jíròrò, ó kéré tán ní 30 ọjọ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tó lọ. Bí wọ́n bá tó 100, ọjọ́ 45. Fọ́ọ̀mù HR1, tí ẹ fi ń sọ fún ìjọba pé ẹ fẹ́ dá wọn dúró, sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Àìfi í ránṣẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò lè lò ó rárá. Abala 20 nínú Labour Act ní kí ẹ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ẹni tó wọlé kẹ́yìn kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì dúnàá-dúrà lórí owó. Kò dá iye kankan.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ẹ̀rọ ìṣirò yìí. Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ kọ ìwé fún òṣìṣẹ́ tó fi hàn bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀: ọjọ́ orí, ọdún, owó ọ̀sẹ̀, iye ọ̀sẹ̀. Òfin ló ní kí ẹ kọ ọ́.