Ìkìlọ̀: Àga Oníṣọ́ọ̀kì fún Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Wọ́n Ń Polówó l'Ákùúrẹ́, Òfìfo Ni Ṣọ́ọ̀kì Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn, tí iṣẹ́ sì ń gbé wọ ọkọ̀ láti Ìgbókòdá lọ sí Ayétòrò, Ugbónlá tàbí Àwóyè, ẹ dúró ná kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni torí àga oníṣọ́ọ̀kì. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp àti Facebook, ó ní Àkúrẹ́ lòun wà. 385,000 náírà ló gbà lórí ẹyọ kan. Méjì ni mo rà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 770,000 náírà, láìka owó wébíìlì tí wọ́n gbà ní gáréèjì. Ayédèrú ni méjèèjì. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ó máa rí ẹlòmíì jẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ pé òun ń tà. Àga awakọ̀ lórí òpó irin, ṣọ́ọ̀kì onígáàsì kan lábẹ́ rẹ̀, tó ń rọlẹ̀ fún íǹṣì 6, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Irin aláìpẹtà tí wọ́n ń pè ní 316 ni òpó rẹ̀, iyọ̀ òkun ò lè fọwọ́ kàn án. Ó ní tòkunbọ̀ ni, pé wọ́n tú u lára ọkọ̀ iléeṣẹ́ epo kan tí wọ́n ti pa tì. Ẹ ò ríi pé onítọ̀hún mọ ibi tó ti ń mú wa? Ní etíkun Ìlàjẹ tí àwọn elépo ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní wọ̀ létí?

Ohun tí a bá nínú rẹ̀ nìyí nígbà tí wẹ́dà tú u palẹ̀. Tìmùtìmù rẹ̀, fóòmù bẹ́ẹ̀dì lásán ni, irú èyí tó ń fa omi mu. Wọ́n kàn fi rẹ́síìnì dúdú bò ó. Abẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì méjì tí wọ́n yọ lára ìjókòó ọkọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Òpó tó pè ní 316, òòfà já mọ́ ọn pọ́ńkán, a ní láti fipá fà á kúrò. Irin tútù lásán tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn! Ìpẹtà ti jókòó sábẹ́ ọ̀dà náà níbi tí wọ́n ti jó o.

Ṣọ́ọ̀kì wá ńkọ́? Wẹ́dà fi ìka méjì fa ọ̀pá rẹ̀ jáde, ó sì tì í padà. Ìka méjì! Kò takú, kò rọra rìn, kò mí. A fi ayùn gé e: kò sí òróró, kò sí gáàsì, kò sí rọ́bà tó ń dí òróró mọ́ inú. Páìpù gbígbẹ. Bébà tí wọ́n tẹ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ló jọ ojúlówó jù nínú gbogbo ẹ̀. A wọn ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú, sẹ̀ǹtímítà 6 péré ló rìn kí irin tó kan irin, kò sì sí rọ́bà kankan nísàlẹ̀ tó máa gbà á.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí àga ṣì ni, ẹ ṣáà fi jókòó." Rárá o. Àga yẹn burú ju pákó lọ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá fò lórí ìgbì, tó já bọ́ láti ìdajì mítà, tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sì dúró lójijì lórí omi, ara èèyàn kò tíì dúró. Agbára yẹn ní láti tán síbì kan. Bí àga bá fún ni ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti fi rọlẹ̀, ohun tó máa ti ìdí lọ sókè á tó bí ìlọ́po 11 ìwọ̀n ara ẹni. Bó bá jẹ́ 15, tí gbogbo ìrìn rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, á wálẹ̀ sí bí ìlọ́po 4 àti díẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni owó tí à ń san.

Sípíríǹgì nìkan kò lè ṣe é. Sípíríǹgì kì í pa agbára, ó kàn ń yá a ni, á sì dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì ló ń pa á: òróró inú rẹ̀ máa ń gba ihò tín-ín-rín kọjá, agbára náà á sì di ooru. Bí kò bá sí òróró, sípíríǹgì á ju èèyàn sókè, nígbà tí ìdí bá sì fi ń padà bọ̀, ọkọ̀ ti ń gun ìgbì kejì bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àga á rìn dé òpin, irin á gbá irin, gbàǹgà! Ẹni tó jókòó lórí pákó mọ̀ pé pákó ni, á fi ẹsẹ̀ gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó gbára lé àga kì í múra sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ MAIB tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi ti kọ ìròyìn lórí èrò tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ lórí ọkọ̀ asáré ní Bristol Channel lọ́dún 2008. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ lọ fi róòbù pa á."

Ìdí kan náà ni àga àwọn awakọ̀ tírélà, kódà ojúlówó rẹ̀, kò fi tọ́ sí ojú omi. Wọ́n ṣe é fún gbígbọ̀n kéékèèké tí kì í dáwọ́ dúró lójú títì. Ìjábọ́ ńlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á tì í dé òpin, iyọ̀ á sì parí ìyókù.

Mo mọ̀ pé ojúlówó àga yìí kọjá ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lókè òkun. Owó tó pè yẹ kó ti kọ mí lóminú. Ṣùgbọ́n ẹ má wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé ọ̀pọ́ ni mo ń wá o! 770,000 kì í ṣe owó ọ̀pọ́. Tòkunbọ̀ ló pè é, gbogbo wa la sì ń ra tòkunbọ̀, láti orí ẹnjìnnì Yamaha dórí fìríìjì. Mo ní kó ya fídíò abẹ́ àga náà fún mi, ó ní iná ò sí. Ní ọ̀sán gangan! Ó ń pè mí ní "Dádì", ó ń gbàdúrà fún ẹ̀yìn mi nínú fọ́ìsì. Nígbà tí alẹ́ẹ̀tì wọlé fún un, Dádì ti di ẹni tí wọ́n ń blọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, orí ń fọ́ mi. Ẹ fi gbogbo ìwọ̀n ara tẹ àga náà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì: ojúlówó á rọra padà sókè lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Èyí tó bá ń jó sókè sódò, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ lórí rẹ̀, ó yẹ kó rọlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn rẹ̀. Bí kò bá mì rárá, ó le jù fún yín. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀, ó rọ̀ jù. Torí náà ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti ń tún un ṣe fún ẹni kílò 60 àti ẹni kílò 110. Ẹ mú òòfà dání. Irin aláìpẹtà, 304 àti 316, kì í fa òòfà, bí kò ṣe díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tàbí jó o, nítorí náà òòfà ò lè sọ èwo ni 316 fún yín, ṣùgbọ́n á tú àṣírí irin lásán. Bí ẹ bá fẹ́ dè é, kí bọ́ọ̀tì gba inú fáíbà ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, kí ẹ fi pátákó irin tẹ̀ ẹ́ lábẹ́; ìṣó oníyìí lásán á fà yọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, iwájú ló ń gba ìkọlù jù. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí ìtọ̀ ń dá yọ, ilé ìwòsàn ni o, ẹ gbàgbé àga.

Ẹ sì má sanwó kí ẹ tó fọwọ́ kan ọjà. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́, gbogbo wọn! Èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí kò ní, èyí tó ń fi Bíbélì tàbí Kùránì ṣe àwòrán ojú ìwé rẹ̀. Bí ẹnìkan nínú yín bá ń ta ojúlówó, kó gbé e wá sí etí omi ní Ìgbókòdá, ká jọ tú abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, òun la ń bá wí.

Mo ti kọ̀wé sí báǹkì, mo sì ti fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ tọ́jú rísíìtì, fọ́ìsì àti àwòrán ìpolówó yín, wọ́n á béèrè wọn. Nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti tún gbé àwòrán kan náà jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun: àga dúdú, òwú pupa létí rẹ̀, ilẹ̀ táìsì funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ẹyọ méjì péré ló kù.