Fíìmù Split: McAvoy ṣe bẹbẹ, àmọ́ wọ́n fi ọmọ tí wọ́n lù ṣe ẹranko

Nítorí James McAvoy nìkan, ó yẹ kí ẹ wo Split, fíìmù M. Night Shyamalan tó dé ilé sinimá ní 2017. Òun ni Kevin Wendell Crumb, ọkùnrin tí èèyàn 23 ń gbé inú ara rẹ̀. Dennis kò fẹ́ rí ìdọ̀tí sójú. Hedwig, ọmọ ọdún 9, ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó mú mi jù ni ọ́fíìsì Dókítà Fletcher, oníṣègùn ọpọlọ tó ń tọ́jú Kevin, níbi tí Dennis ti ń díbọ́n pé Barry, òmíràn lára àwọn 23 náà, lòun. Aṣọ Barry ló wọ̀, bíi Barry ló ṣe ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹ ó rí Dennis tó lúgọ sẹ́yìn ojú yẹn. Dókítà náà sì mọ̀ pé Dennis ni.

Wọ́n fi ìgbà èwe Kevin hàn wá fìrí: ọmọ kékeré sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ mú hángà onírin dání, ó ń pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Orúkọ kíkún yẹn náà ló ń fa Kevin gan-an jáde nígbà tó dàgbà. Ó jáde tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, ó rò pé 2014 la ṣì wà, ó ń bèèrè ohun tóun ṣe. Nígbà tó yé e, ó ní kí wọ́n pa òun. Ẹni tí dissociative identity disorder, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ẹnì kan dà bí èèyàn púpọ̀ nínú ara kan, ń bá jà mọ irú àfo bẹ́ẹ̀ dáadáa, kí ọjọ́ lọ kó má sì rántí ohun tó fi ṣe.

Ibẹ̀ ló yẹ kí Shyamalan dúró sí. Ó wá mú ẹni kẹrìnlélógún wọlé, ó pè é ní Ẹranko: ó ń gun ògiri, ìbọn kò ràn án, ó ń jẹ èèyàn. Mi ò gbà. Àwọn ọmọ tí àgbàlagbà ti fìyà jẹ ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò ríbi sá sí máa ń fi ọkàn sá, kó lè yè é. Bó bá dàgbà tán tí ìrora náà kò lọ, ara rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe léṣe.

Ti Casey (Anya Taylor-Joy), ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí Dennis jí gbé, tún dùn mí jùyẹn lọ. Arákùnrin bàbá rẹ̀ ti ń bá a ṣèṣekúṣe láti kékeré. Ẹranko rí àpá lára rẹ̀, ó dá a sí, ó ní ẹni tó ti jìyà ló mọ́. Àwọn ọmọbìnrin méjì yòókù ńkọ́? Wọ́n kú torí pé ìyà kò jẹ wọ́n tó! Kí ọmọ tí mò ń tọ́jú gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, inú bí mi gan-an.

Bí wọ́n bá ti fìyà jẹ yín rí ní kékeré, ẹ má dá nìkan wò ó. Àwọn ibi tí Casey àti arákùnrin bàbá rẹ̀ ti wà nínú igbó le. Ẹ lè kọ́kọ́ wá The Three Faces of Eve ti 1957, fíìmù nípa obìnrin tó ní irú àìsàn yìí, tí Joanne Woodward fi gba Oscar. Ohun tí wọ́n ní ó fa àìsàn níbẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ èèyàn ni wọ́n fi aláìsàn náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin.