Ọtomátíìkì ẹnu pọ́ǹpù omi: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti ń já ni kulẹ̀

Ike dúdú tó rí bí ìkòkò kékeré, tó ní iná mẹ́ta lójú àti bọ́tìnì kan, ni mò ń sọ. Ẹnu pọ́ǹpù tó ń fa omi láti inú táǹkì ilẹ̀ wọ inú ilé ni wọ́n máa ń dè é sí. Bí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé, pọ́ǹpù á tan. Bí ẹ bá tì í, á kú fúnra rẹ̀. Bí omi bá sì tán nínú táǹkì, á pa pọ́ǹpù kó má baà jó. Iṣẹ́ kẹta yìí ló jẹ́ kí n sọ pé ó tó owó tí wọ́n ń tà á. Súìṣì pẹ́ṣọ̀ lásán (pẹ́ṣọ̀ ni agbára tí omi fi ń ti páìpù), tí kò wọ́n, lè ṣe méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá omi ń kọjá. Tí táǹkì bá gbẹ, pẹ́ṣọ̀ á wálẹ̀, súìṣì á rò pé ẹnìkan ló ṣí ẹ̀rọ, pọ́ǹpù á sì máa yí láìsí omi títí síìlì inú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí omi jò, á fi yọ́.

Inú rẹ̀ kò díjú. Omi ń ti ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń ti òkè jáde. Bó ṣe ń lọ, á gbé ọmọ-ìlẹ̀kùn kan tó ní òòfà lára sókè. Òòfà yẹn ló ń ta bọ́ọ̀dù iná inú rẹ̀ lólobó pé omi ń kọjá. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ní sípíríìngì lẹ́yìn ló ń mọ pẹ́ṣọ̀. Bọ́ọ̀dù á wá fi méjèèjì wéra. Pẹ́ṣọ̀ wálẹ̀ dé 1.5 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn pẹ́ṣọ̀): á tan pọ́ǹpù. Pẹ́ṣọ̀ wà lókè ṣùgbọ́n omi kò kọjá mọ́: á dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 7 sí 15, á sì pa á. Kò sí pẹ́ṣọ̀, omi náà kò kọjá: omi ti tán nìyẹn, á pa á, iná pupa á sì tan.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìyẹn. Kò sí ibi tó ti ń dín pẹ́ṣọ̀ kù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tà á máa ń sọ fún oníbàárà pé ó ń “ṣètò pẹ́ṣọ̀”, irọ́ ni. Bí pọ́ǹpù bá lè ti omi dé 3.5 bar, 3.5 bar ni gbogbo páìpù ilé yóò máa gbà lálaalẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti ẹ̀rọ. Ilé tí táǹkì òkè mítà 6 ti ń bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kò gba ju 0.6 bar lọ rí. Ìdí nìyẹn tí ojú páìpù tí kò jò rí fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gbé ọtomátíìkì dé.

Kí ẹ tó rà á, ẹ ka ara pọ́ǹpù àti ara páálí. Ohun tí ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ni 220–240 V, 10 A, 1.1 kW, pẹ́ṣọ̀ tí kò gbọdọ̀ ju 10 bar lọ, àti ẹnu onínṣì kan. 1.1 kW yẹn tó 1.5 HP. Pọ́ǹpù 2 HP kò gbọdọ̀ gba inú rẹ̀ tààrà. Ẹ jẹ́ kí oníná fi kọ́ńtáátọ̀, súìṣì ńlá tí iná ń tan, sáàárín, kí ọtomátíìkì máa tan kọ́ńtáátọ̀, kí kọ́ńtáátọ̀ máa tan pọ́ǹpù. Lára pọ́ǹpù, ẹ wá Hmax, ìyẹn ibi gíga jù tí pọ́ǹpù lè ti omi dé. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ fi 0.8 bar, ó kéré tán, kọjá ibi tí ọtomátíìkì ti ń tan: 1.5 àti 0.8 jẹ́ 2.3 bar, ìyẹn Hmax mítà 23. Pọ́ǹpù kékeré 0.5 HP tó kọ Hmax 35 m sára kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀ sí 160 V, agbára tí mọ́tò 220 V fi ń yí kò ju ìdajì àti díẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù á máa kùn, kò ní gbé pẹ́ṣọ̀ dé ibi tó yẹ, iná pupa á tan, wọ́n á ní ọtomátíìkì ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ gíga ilé náà wà níbẹ̀. Omi tó ga ní mítà 10 ń tẹ̀ ní nǹkan bí 1 bar. Fún èyí tó ń tan ní 1.5 bar, ẹnu ẹ̀rọ tó ga jù nínú ilé kò gbọdọ̀ fi ju mítà 15 lọ ga ju ọtomátíìkì lọ, nítorí omi tó dúró nínú páìpù yẹn fúnra rẹ̀ á ti máa tẹ̀ ẹ́ ju 1.5 bar lọ. Wọn ì báà ṣí ẹ̀rọ òkè títí, kò ní mọ̀ pé pẹ́ṣọ̀ ti wálẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan tàbí méjì kò ní ìṣòro yìí. Bí ilé bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra èyí tó ń tan ní 2.2 bar, tó lè gba mítà 22, tàbí kí ẹ gbé ọtomátíìkì kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù lọ sókè díẹ̀ lórí páìpù.

Dídè é gba sùúrù ju agbára lọ. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sókè. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ rẹ̀, ọmọ-ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ kò ní padà sáyè. Ẹnu rẹ̀ ike ni, ike kì í sì í gba ìjà. Ẹ wé tépù funfun ní ìgbà 10 sí 12 sí ẹnu náà, ní ọ̀nà tí ẹ máa gbà yí i wọlé, kó má baà tú padà. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi le, kí ẹ wá fi sípánà fún un ní ìyípo kan péré. Púlọ́ńbà tó bá gbé sípánà ńlá lé e máa la á, ojú ibi tó là kì í sì í hàn títí pẹ́ṣọ̀ á fi gun. Ẹ fi yúníọ̀nì, ìsopọ̀ páìpù tó ṣeé tú, sí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀, torí ẹ máa yọ ọ́ fọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, ayùn ló máa fi yọ ọ́. Ẹ fi fáàfù kan sókè rẹ̀. Fáàfù yẹn máa ṣiṣẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Kò gbọdọ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ kankan láàárín pọ́ǹpù àti ọtomátíìkì. Àwọn kan máa ń yọ ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọṣọ síbẹ̀ nítorí ó súnmọ́ táǹkì. Omi rẹ̀ kò gba inú ọtomátíìkì kọjá, bọ́ọ̀dù kò sì ní mọ̀ rárá pé ẹnìkan ń fa omi. Ẹ má fi nọ́n-rítọ̀ọ̀n mìíràn, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, síbẹ̀, ó ní tirẹ̀ nínú. Bí táǹkì bá wà nísàlẹ̀ pọ́ǹpù, fúútì fáàfù tó ní asẹ́ gbọ́dọ̀ wà nídìí páìpù inú omi.

Àṣìṣe tó ń ná ènìyàn lówó jù ni ti ilé tó ní táǹkì òkè pẹ̀lú pọ́ǹpù lórí páìpù kan náà. Bí kò bá sí nọ́n-rítọ̀ọ̀n lórí páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti táǹkì òkè, omi tí pọ́ǹpù tì máa gun òkè padà lọ sínú táǹkì náà, á máa kún dànù, ọtomátíìkì á sì máa rí i pé omi ń kọjá. Kò ní pa pọ́ǹpù láé. Ẹni tó sì fẹ́ fi ọtomátíìkì yìí fa omi láti bọ́họ́ò lọ sí táǹkì òkè, kó má dá ara rẹ̀ láàmú. Súìṣì tó ń léfòó nínú táǹkì ló yẹ iṣẹ́ yẹn.

Ní ti iná, wáyà mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì. Méjì wọlé láti sọ́kẹ́ẹ̀tì, méjì jáde lọ sí mọ́tò, wáyà ẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ara irin pọ́ǹpù láìjá. Wáyà 1.5 mm² tó fún 1 HP bí ọ̀nà kò bá jìn. Bó bá ju mítà 20 lọ, ẹ lo 2.5 mm². Bírékà 10 A, kí ẹ sì fi irú bírékà tó ń já bí iná bá jò tó 30 mA ṣáájú rẹ̀, torí ibi tí ilẹ̀ ti ń tutù nígbà gbogbo ni nǹkan yìí ń gbé. Kí wáyà tó wọ ara ike náà, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, kí omi òjò máa kán sílẹ̀ níbi tó sọ̀ náà, kó má tẹ̀lé wáyà wọlé. Rọ́bà ẹnu ihò wáyà gbọ́dọ̀ fún wáyà náà pinpin.

Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí iná wà. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí kò wọ́n, kò sí tiránsífọ́mà tó ya bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ kúrò lára iná. Kàpásítọ̀ kan ló ń dín iná kù, gbogbo ojú bọ́ọ̀dù ló sì lè gbé ènìyàn. Pípa súìṣì ògiri kò tó. Ilé wà tí oníná gé wáyà búlúù sí súìṣì dípò èyí tó gbé iná. Ẹ yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ bu omi kún inú pọ́ǹpù láti ihò orí rẹ̀ kí ẹ tó tan án. Pọ́ǹpù tó ní afẹ́fẹ́ nínú kò lè fa omi, iná pupa ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ ṣí ẹ̀rọ tó jìnnà jù, ẹ tan iná, ẹ di bọ́tìnì mú títí omi á fi máa bọ̀ láìhó. Ẹ ti ẹ̀rọ náà. Kó tó ìṣẹ́jú àáyá 15, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí wọn kì í ṣe: ẹ ṣí ẹ̀rọ, nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ti fáàfù ìdí táǹkì. Iná pupa gbọ́dọ̀ tan láàárín ìwọ̀n àkókò tí ìwé rẹ̀ sọ. Bí kò bá tan, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ kan náà, torí ìdí tí ẹ fi rà á nìyẹn. Ẹ máa tún ìdánwò yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹjọ́ tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé pọ́ǹpù ń tan ó sì ń kú fúnra rẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Omi ń jò níbìkan ni. Ẹ ti fáàfù òkè ọtomátíìkì. Bó bá ṣì ń tan, ara rẹ̀ tàbí yúníọ̀nì òkè rẹ̀ ló ń jò. Bó bá dákẹ́, inú ilé ni, ìgbọ̀nsẹ̀ olómi ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fura sí: bọ́ọ̀lù inú táǹkì rẹ̀ tí kò tì dáadáa. Ẹ po búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ náà, kí ẹ má fọ̀n ọ́n fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ búlúù bá hàn nínú àwo, ẹ ti mú olè. Bí jíjò kékeré kò bá ṣeé rí mú, táǹkì pẹ́ṣọ̀ 24 lítà lẹ́yìn ọtomátíìkì á dín títan-kíkú yẹn kù púpọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.3 bar nígbà tí omi kò sí nínú rẹ̀. Géèjì fọkanáísà tó láti wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 19 psi ló máa kọ lójú ibi tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà.

Bí pọ́ǹpù kò bá kú rárá, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Jíjò ńlá. Bọ́tìnì tó há sínú. Tàbí ìdọ̀tí tó gbé ọmọ-ìlẹ̀kùn sókè tí kò jẹ́ kó sọ̀. Níbi tí omi bọ́họ́ò bá ti ní irin, tí ń kun báàfù ní àwọ̀ ìpáta bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, ìdọ̀tí yìí kì í pẹ́ dé. Ẹ yọ iná, ẹ ṣí ẹ̀rọ kí pẹ́ṣọ̀ tán, ẹ tú yúníọ̀nì méjèèjì, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti ọmọ-ìlẹ̀kùn náà láti ìsàlẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gòkè wẹ́rẹ́, kó sì padà pẹ̀lú ìró kékeré. Bó bá ń lọ́ra, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bó o, ẹ ṣan án. Ẹ má dán ásíìdì bátìrì wò.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára tí pọ́ǹpù kò sì kú, ojú irin inú rílé, súìṣì kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń tan pọ́ǹpù, ti lẹ̀ mọ́ra. Iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń gbéra ju èyí tó ń lò lọ ní ìlọ́po púpọ̀, bó bá sì ń tan léraléra nítorí jíjò, irin yẹn á jó. Oníná tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ rílé nìkan. Bí iná ojú rẹ̀ bá ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí rílé kò dún, kàpásítọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ti rẹ̀. Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò yí geere a máa tètè pa á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I pass my neighbour” kò lè gbé pọ́ǹpù 1 HP dìde, ẹ má dá ọtomátíìkì lẹ́bi fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí omi tó ń sẹ̀ bí ìrì nínú ìdérí tó mọ́ gaara náà, kò sí àtúnṣe níbẹ̀. Rọ́bà tó ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára iná ti ya. Ẹ yọ ọ́ lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má tún tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kí ẹ lọ ra òmíràn.