Acetylcysteine onígò 2 g fún ọmọ tí olú olóró kọ lu ẹ̀dọ̀ rẹ̀

Ẹni tó ń ta olú l'Ọ́jà Ọba l'Ákùúrẹ́ mọ èyí tó ń kó. Ọmọ tó já tirẹ̀ lẹ́yìn ilé nígbà òjò àkọ́rọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí 6 tó jẹ ẹ́, amatoxin, oró inú àwọn olú kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ni kí dókítà kọ́kọ́ fura sí. Iná kì í pa oró náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń gbádùn fún ọjọ́ kan kí ẹ̀dọ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ má tètè dá wọn padà sílé.

Abẹ́rẹ́ acetylcysteine, oògùn tí à ń fi dáàbò bo ẹ̀dọ̀ tí a ń yẹ̀ wò níbí, wà nínú ìgò 10 ml tó ní 2 g. Ìṣirò rẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn rú. Fún ọmọ 15 kg, 150 mg fún kg kan jẹ́ 11.25 ml oògùn: ẹ pò ó mọ́ 45 ml dextrose 5% (omi ṣúgà), kó wọlé fún wákàtí 1. Ó kan 3.75 ml nínú 105 ml fún wákàtí 4, lẹ́yìn náà 7.5 ml nínú 210 ml fún wákàtí 16. Ìgò 3 ló máa lọ. Ẹ má fi iye omi tí à ń lò fún àgbàlagbà po ti ọmọdé o: sodium (iyọ̀) inú ẹ̀jẹ̀ á já, gìrì lè tẹ̀ lé e.

Bí ara bá ń yún ọmọ tàbí tí àyà rẹ̀ ń fún, ẹ dá díríìpù dúró, ẹ fún un ní chlorpheniramine, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òórùn oògùn yìí dà bíi ti ẹyin tó bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì lè pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tí a bá ṣí i. Kò tíì bàjẹ́, ẹ má dà á nù.

Ibi tí a ti yọ máàkì: ìwádìí 2013 lára ọmọ 184 tí ẹ̀dọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ láìṣe ti paracetamol kò rí i pé oògùn yìí dín ikú kù, àwọn tí kò tíì pé ọdún 2 gan-an ni kò ṣe dáadáa fún. Ti olú nìkan kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò, a ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ẹ fi ìwọ̀nyí kún un: èédú oògùn 1 g fún kg kan ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, penicillin G tó pọ̀, ìdíwọ̀n ṣúgà lemọ́lemọ́, àyẹ̀wò INR (bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì) lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí INR bá ń gòkè láìdúró, ẹ tètè pe ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ kí orí ọmọ tó dàrú.

Máàkì tí a fún oògùn yìí: 7 nínú 10. Kẹ́míìsì ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lè fi ìgò 6 pamọ́, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò ọmọdé mọ́ ara páálí rẹ̀.