Ilé-ìwé Àgùdà tí àwọn ọmọ mi ń lọ ní Yaba: ibi tó ti dáa àti ibi tó kù sí

"Ìwọ Mùsùlùmí, báwo lo ṣe fi ọmọ sí ilé-ìwé Àgùdà?" Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyẹn, mo sì máa dáhùn rẹ̀. Àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ tí kò bá tètè mọ̀wé, kí ni wọ́n ń ṣe fún un níbẹ̀? Èyí gan-an ló yẹ kí ẹ gbé lọ síwájú ọ̀gá ilé-ìwé kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé-ìwé tí mo ń sọ yìí wà, ní Yaba níhìn-ín. Ọmọ mi méjì ló wà níbẹ̀: obìnrin ti dé Pírámárì 5, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Pírámárì 2. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, torí ẹnu mi máa mú níbì kan, ọmọ mi sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi pátákó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé tó kọ orúkọ ẹni mímọ́ sójú pátákó ló jẹ́ ti ìjọ Àgùdà. Láwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn míṣọ́ọ̀nù, títí dòní ni ẹ sì máa rí ilé-ìwé ìjọba tó ń jẹ́ orúkọ Àgùdà káàkiri Èkó. Ọ̀fẹ́ ni, tíṣà ìjọba ló ń kọ́ wọn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé aládàáni kan ló dá a sílẹ̀, tó wá fún un ní orúkọ ẹni mímọ́ tó wù ú. Èyí tó jẹ́ ti ìjọ gan-an, ó lè wà lábẹ́ páríṣì, kí Fáda jẹ́ alábòójútó rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn Sísítà ló ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ wo orúkọ àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ sanwó sí. Orúkọ ẹni tí ẹ bá bá níbẹ̀, òun ló sábà máa ń ni ilé-ìwé. Ẹ tún ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó hàn yín. Èyí tó wà létòlétò máa ń gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.

Díẹ̀ ló kù kí irú ilé-ìwé báyìí má sí mọ́ l'Ékòó. Ìjọba Gómìnà Jakande fẹ́ fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní 1980, Archbishop Okogie ti ìjọ Àgùdà àtàwọn mìíràn ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Bàbá mi, ọmọ ẹ̀yìn Jakande pọ́ńbélé, kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn yẹn sétí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọkùnrin mi ò mọ̀wé kà nígbà tó débẹ̀. Ilé-ìwé tó ti wá, wọ́n ní kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ ń sọ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ti òkè òkun dé, ó sì mọ orin lẹ́tà kọ láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà mẹ́ta síwájú rẹ̀, ojú yín ni yóò máa wò. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú un, mo bá àǹtí kíláàsì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Páálí Indomie ló gé wẹ́wẹ́, ó fi máákà kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i. Á to mẹ́ta síwájú ọmọ, ọmọ á pè é. Á yọ ti iwájú, á fi òmíràn sípò rẹ̀, ọmọ á tún un pè. Nígbà tó kan tèmi, ó dákẹ́, ó ń fi eyín jẹ ètè. Àǹtí náà ò sọ nǹkan kan. Kò ní "ṣe kíá", kò wo fóònù. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó pè é, ó pè é tán, ó sì fa páálí náà mọ́ra bí ẹni pé wọ́n fi ta á lọ́rẹ.

Mo bi í pé èló la ó máa san fún èyí. Ó ní Sísítà tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló pa á láṣẹ: ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ kúrò ní Pírámárì 2 láìmọ̀wé kà, tíṣà ò sì gbọ́dọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ òbí lórí ẹ̀. Kí sáà yẹn tó parí, ọmọ mi ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára dánfó ní Sábó.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ti ọmọ tó ń gba ipò kìíní. Ìyẹn ò nílò ẹnikẹ́ni. Ẹ gba ti ọmọ tó ń tiraka. Ṣé wọ́n kàn fa ìlà pupa kọjá lára ibi tó ti ṣàṣìṣe ni, àbí wọ́n ní kó tún un ṣe, tí wọ́n sì tún padà wò ó? Ní kíláàsì àwọn kékeré níbí, ẹ máa rí i pé ọmọ tún un ṣe, tíṣà fọwọ́ sí i, ọwọ́ Sísítà náà sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé. Ọwọ́ ìkọ̀wé pàápàá, wọn ò fi ṣeré. Bí ìrù lẹ́tà bá gùn ju ìlà lọ, ọmọ á tún ojú ewé náà kọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wàyí. Gbogbo Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣe Mísà, ní oṣù Kẹwàá wọ́n ń ka Ròsárì. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, gbogbo ọgbà á dúró fún àdúrà Áńgẹ́lúùsì: tíṣà tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé á gbé e sílẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣán koríko á dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Tèmi náà á dúró, wọ́n á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Sísítà bi mí lójúkojú lọ́jọ́ tí mo gba fọ́ọ̀mù pé ṣé mo fẹ́ kí wọ́n bá wọn jókòó nínú Mísà tàbí kí wọ́n wà ní yàrá ìkàwé, mo ní kí wọ́n máa jókòó, kò pa wọ́n lára. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ yan èyí tó wù yín: abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí bá wọn ṣe ìsìn tí kì í ṣe tiẹ̀, bí òun tàbí òbí rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i.

Ṣé ọmọ á kó orin wọn wálé? Á kó o wálé o. Ọmọkùnrin mi ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń ké "Mo kí ọ, Màríà" kíkankíkan. Màmá mi tí wọ́n jẹ́ Alhaja wà ní pálọ̀, mo rò pé wàhálà dé. Àfi bí wọ́n ṣe bá a parí ẹ̀ láti orí àga tí wọ́n jókòó sí! Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà ní ẹ̀gbẹ́ Pópó Àgùdà ni wọ́n ti ka ìwé wọn, kò sì dí kírun wọn lọ́wọ́ látìgbà náà. Ilé-kéú ni àwọn tèmi náà ń lọ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ní Ramadan, nígbà tí ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ gbààwẹ̀, àǹtí rẹ̀ jẹ́ kó máa jókòó sí yàrá ìkàwé lásìkò oúnjẹ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì: ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì nìkan ni wọ́n ń kọ́, kò sí tíṣà ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Wọn kì í gba híjáàbù lórí aṣọ ilé-ìwé. Bí èyí bá jẹ́ ohun tí ẹ ò lè gbà, ẹ má sanwó tán kí ẹ tó wá máa jà ní géètì.

Owó ńkọ́? Owó ilé-ìwé gan-an ṣì rọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn aládàáni tó yí wọn ká. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pani. Owó eré ìdárayá, aṣọ Ọjọ́rú, owó ìdàgbàsókè tí wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ni, tó tún fi orúkọ mìíràn padà lọ́dún kejì. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ìwé. Ìwé tí ọmọ ń kọ ìdáhùn sínú rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún wa báyìí, ilé-ìwé nìkan sì ni a ti lè rà á. Nígbà tiwa, ìwé kan náà ni ẹ̀gbọ́n lò tí àbúrò jogún, tí ọmọ àdúgbò tún yá. Ti ọmọbìnrin mi kún àpótí kan nílé, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ta ẹ̀pà ló ń bá wa kó o. Ẹ ní kí akápò kọ gbogbo owó sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ sórí ìwé kan, kó fọwọ́ sí i. Ó máa lọ́ra, ẹ dúró tì í.

Ibi tí ẹnu mi ti fẹ́ mú nìyí: Pírámárì 4 sókè, bí ẹni pé ilé-ìwé mìíràn lẹ wọ̀. Àǹtí tó ń gé páálí ò sí mọ́. Kọ́mọ́ọ̀nù ẹńtíráǹsì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Fọ́tò àwọn tó gba máàkì gíga ni wọ́n fi ń ṣe bánà tí wọ́n gbé kọ́ sí ògiri ìta, nítorí náà àwọn tó lè bọ́ sórí bánà ni tíṣà ń bá ṣe. Ọmọbìnrin mi kì í ṣe olódo, ìṣirò kàn ń lọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Nígbà tí mo lọ bèèrè, tíṣà ní kí n fi sí lẹ́sìnnì, òun náà ló sì ń kọ́ lẹ́sìnnì ọ̀hún. Ohun tó yẹ kó kọ́ ọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ló ń tà á fún mi. Mo sọ ọ́ fún Sísítà. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé ọmọ náà wá sí àárín kíláàsì, lẹ́sìnnì ò kúrò.

Ẹ tún bèèrè bóyá Pírámárì 6 wà. Ọdún 6 ni ètò ìjọba fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ aládàáni ló ń ti ọmọ jáde láti Pírámárì 5. Àwọn tiwa ní Pírámárì 6, ṣùgbọ́n ọmọ tó kù síbẹ̀ kéré, ojú sì máa ń ti àwọn òbí kan láti fi ọmọ sílẹ̀ síbẹ̀. Tèmi máa ṣe é. Kí ló ń lé wa?

Yorùbá ńkọ́? Ó dùn mí. Láti 2018 tí Gómìnà Ambode ti fọwọ́ sí òfin, dandan ni kí gbogbo ilé-ìwé l'Ékòó, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Wọ́n ń kọ́ ọ lóòótọ́, ó wà lórí táìmùtébù, àmọ́ nígbà tí mo ṣí ìwé ọmọbìnrin mi, kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo níbẹ̀, tíṣà sì fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mo ní kó kà láti ogún dé ọgbọ̀n, ó dúró sí mẹ́tàlélógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Nílé la ti ń kọ́ ọ báyìí. Ó dáa díẹ̀ pé wọn kì í fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá níbi ìṣeré. Ilé-ìwé tó ti wá ń bu owó ìtanràn lé e.

Ilé ìgbẹ́ wọn mọ́, omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù, igbá ìbomi wà lórí ẹ̀. Mo yọjú síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń na ọmọ, ní àtẹ́lẹwọ́, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pẹ́ á kúnlẹ̀ lẹ́bàá géètì. Ẹ̀yin tó ń gba Herbert Macaulay wá láti Oyíńgbò, ẹ tètè jáde nílé, ẹ̀bẹ̀ "súnkẹrẹ fàkẹrẹ ni" kì í wọ Sísítà létí.

Ọmọkùnrin mi máa dúró níbẹ̀, ó kéré tán títí di òpin Pírámárì 3. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀rọ̀ lẹ́sìnnì bá ṣì wà bó ṣe wà, màá wo ibòmíràn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ọdún mẹ́rin sí méje, tọ́kàn rẹ̀ sì gba àdúrà aago méjìlá, kó mú un lọ. Ẹni tó fẹ́ mú ọmọ tó ti tó Pírámárì 4 wọbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá tíṣà kíláàsì náà jókòó, ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe fún àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn. Fọ́ọ̀mù máa ń jáde lẹ́yìn Àjíǹde. Ọ́fíìsì akápò ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní ìta tó bá ní òun lè bá yín mú ààyè sílẹ̀.