Yànmùyánmú Inú Mọ́tò Mi: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Bá Mi So Amp

"Àkànní, yànmùyánmú wà nínú mọ́tò rẹ o."

A ò tíì kọjá Mọ́níyà dáadáa tí màmá mi fi sọ ọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kí a tó dé Fìdítì, wọ́n ti fi àbàrá gbá etí ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tú gèlè, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wé. Èmi tí mo ń wakọ̀ mọ̀ pé kò sí yànmùyánmú kankan. Sípíkà mi ni. Tí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, á ké "wíìì" lọ sókè. Tí mo bá dẹ ẹsẹ̀, á wálẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo san ₦45,000 owó iṣẹ́ nìkan nìyẹn o, owó amp, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn rédíò lágbára, àti wúfà ò sí níbẹ̀. Títí a fi dé Ọ̀yọ́, ojú kò jẹ́ kí n lè sọ òótọ́ fún wọn.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí amp náà. Gbogbo ayé ló ti mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tó bá mi so ó nínú Corolla mi, níbí ní Ìbàdàn, ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú.

Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá wọn wà lórí àga, ó ń tẹ fóònù. Kò dìde. Kò ní kí n ṣí búùtù. Ó kàn ní kí n tan mọ́tò, ó gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, alternator yín ló ń kú lọ. Ẹ lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn." Mo ní ṣé ọjọ́ tí òun so amp náà ni alternator mi, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, wá rántí pé òun fẹ́ kú? Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí fóònù rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ réwáyà mi. Ó fi tẹ́sítà kan bátìrì: 12.5 volt nígbà tí mọ́tò kú, 14.2 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó tún yẹ ìdí alternator wò, ó yí tẹ́sítà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá ní, "Alternator yìí le ju èmi gan-an lọ." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo tún padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀gá ta àpótí kékeré kan fún mi ní ₦9,500, ó ki í bọ àárín káábù RCA, ìyẹn káábù orin tó ti ara rédíò wá síbi amp. Kí n má purọ́, ariwo náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àpàlà sí i, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti lé ìyá ìlù jáde, tó wá ku omele nìkan lágbo. Wúfà tí mo ra torí ohùn ìsàlẹ̀ di ẹrù lásán nínú búùtù. Mo fi ẹjọ́ àpótí náà sùn ún. Ó ní bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìbínú ni mo gbé lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọ̀gá ti lọ kírun. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ tí kò lè ju ogún ọdún lọ. Mo fẹ́ yí padà, ló bá kí mi, ó wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí rédíò ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣé ó máa ń dún?" Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, ẹ ṣí búùtù.

Ó yọ àpótí ₦9,500 dànù. Ó fa RCA yọ lára amp: kẹ́kẹ́ pa. Ó ní, "Amp ò jẹ̀bi." Ó wá so fóònù tirẹ̀ mọ́ amp pẹ̀lú káábù kékeré kan, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, orin jáde ní mímọ́ gaara, torí fóònù tó ń lo bátìrì ara rẹ̀ kò ní nǹkan kan pọ̀ mọ́ bọ́dì mọ́tò. Ó dá a padà sí rédíò, yànmùyánmú dé. Ó gbé ẹnu tẹ́sítà kan lé bọ́dì amp, èkejì lé ara rédíò: 0.3 volt. Ó fi hàn mí. "Ó yẹ kí àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan kan náà, ẹ̀gbọ́n. Iná alternator kì í dúró sójú kan, ó máa ń gbọ̀n. Bí kò bá rí ọ̀nà tó dáa gbà padà, ara káábù orin ló máa gbà."

Ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó! Wáyà bọ́dì amp mi, èyí tí iná amp ń gbà padà sára irin mọ́tò, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, wọ́n ká a jọ bí ejò, wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́ orí ọ̀dà. Ọ̀dà! Wọn ò ha á rárá. Ó gé wáyà náà kù sí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ó fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi ń kọ mànà, ó dè é pinpin, ó fi gírísì kùn ún kó má baà dípẹtà. Ó tún fa RCA kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bátìrì, ó gbé e gba apá kejì mọ́tò. Tẹ́sítà ka 0.01. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn títí ẹ́ńjìnnì fi ń bú. Kò sí nǹkan kan àfi orin, ìyá ìlù sì ti padà dé pẹ̀lú ọlá rẹ̀. N ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀.

Ọ̀gá dé. Ó kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọmọ náà pé ta ló ní kó tú iṣẹ́ òun. Ó gbọ́ bí ó ṣe ń dún, ó dákẹ́, ó wá kọjú sí mi: "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ bọ́dì wò." Mo béèrè ₦9,500 mi. Ọjà tí a ti lò, àwọn kì í gbà á padà. Ó fún mi ní sítíkà ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo rọra fi ₦5,000 sọ́wọ́ ọmọ náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó ki í bọ àpò.

Ariwo náà ṣì máa ń yọjú nígbà kan ṣoṣo: tí mo bá ń fi fóònù sí ṣájà nínú mọ́tò, tí mo tún fi okùn AUX gbọ́ orin lára rẹ̀. Ọmọ náà ti kìlọ̀ fún mi, ó ní ìdí kan náà ni. Bluetooth ni mo ń lò báyìí. Màmá mi tún bá mi lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sùn láti Mọ́níyà títí dé Ìlọrà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ní bíi agogo kan àbọ̀ ọ̀sán.