Mo ti lo ẹ̀rọ tó ń wọn igun ẹ̀kán omi yìí lórí bakitéríà: ibi tó ti dára àti ibi tó kù sí

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò le rárá. Pèpéle kékeré kan ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń kán omi sí i, iná lẹ́yìn, kámẹ́rà níwájú, àti wáyà tó wọ inú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ igun tí ẹ̀kán omi fi jókòó lórí nǹkan. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, igun náà á súnmọ́ òdo. Bó bá ká jọ rogodo bí omi orí ewé kókò, á kọjá 90°. Àwọn tó ń po ọ̀dà ló sábà ń rà á. Èmi rà á nítorí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun.

Ẹni tó bá wo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lábẹ́ maikirosíkópù níbi tó ti ń gbé bakitéríà mì lè rò pé ebi ló ń pa á. Apá tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà wà lójú ara àwọn méjèèjì, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń gba omi mọ́ra sí. Láti 1922 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Wallace Fenn ti ń fi ìṣirò wò ó. Nígbà tó di 1972, van Oss àti Gillman kán omi sórí bakitéríà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kán an sórí neutrophil pẹ̀lú, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń gbé bakitéríà mì. Nǹkan bí 18° ni ti neutrophil. Bakitéríà tí igun tirẹ̀ bá ga ju èyí lọ, wọ́n á tètè gbé e mì. Èyí tí tirẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bọ́. Ohun tó ń gba bakitéríà pneumococcus tó ní ìbora ṣúgà sílẹ̀ nìyẹn: omi ló kún inú ìbora náà.

Kámẹ́rà ẹ̀rọ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ó da bakitéríà sórí fítà tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.45 µm, ẹ ó fa omi abẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ ó sì jẹ́ kó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ, igun ń gòkè; tó bá yá, á dúró sójú kan fúngbà díẹ̀ kó tó tún gbéra. Ibi tó dúró sí yẹn ni nọ́ńbà tí à ń wá. Kámẹ́rà náà ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá ti yàn fún un, ẹ ò ní máa fi ojú ṣọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà dáa, ó ń kán 2 µl láìfì síbì kan, nítorí ẹ̀kán tó bá tóbi jù, ìwúwo ara rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́.

Mo kọ́kọ́ wọn bakitéríà Staphylococcus tí mo ti fọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, mo rẹ irú rẹ̀ kan náà sínú sírọ́ọ̀mù, ìyẹn omi tó ń yọ lórí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, mo tún wọn ọ́n. Igun gòkè gedegbe. Nígbà tí mo kó àwọn méjèèjì fún neutrophil, èyí tó ti wẹ̀ nínú sírọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé mì jù. Ohun inú sírọ́ọ̀mù tó ń mú kí bakitéríà rọrùn láti gbé mì, èyí tí Almroth Wright àti Stewart Douglas pè ní opsonin lọ́dún 1903, mo rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀kán omi. Ká sòótọ́, ọjọ́ yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Sọ́fítíwíà rẹ̀ ló bà mí nínú jẹ́. Bí igun bá ti wá sísàlẹ̀ 20°, kì í mọ ibi tí omi parí sí mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni neutrophil wà! Ọwọ́ ni mo fi ń fa ìlà ìsàlẹ̀ fúnra mi. Nígbà tí mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á, èsì wọn ni pé kí n ra àfikún. Ìbòrí tí ń mú kí ọ̀rinrin dúró kò sí nínú páálí rẹ̀ náà. Láìsí i, ẹ̀kán omi ń fẹ́ lọ, etí rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, igun á sì máa wálẹ̀ láìnídìí.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ bi í rárá. Kò mọ iná mànàmáná tó wà lára bakitéríà. Ojú tó bá rí ṣákiṣàki ń tàn án jẹ: Wenzel ti ṣàlàyé ìyẹn láti 1936. Bẹ́ẹ̀ ojú ṣákiṣàki ń ran sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lọ́wọ́. Ní 1946, Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé lórí bébà fítà tó tutù, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń há pneumococcus tó ní ìbora ṣúgà mọ́ kọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gbé e mì láìsí antibody, ìyẹn èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn, ohun tí wọn kò rí ṣe lórí gíláàsì tó ń dán. Ẹ̀rọ yìí kò tún mọ bí nǹkan ṣe rí, gígùn ni tàbí roboto, bẹ́ẹ̀ Champion àti Mitragotri fi hàn ní 2006 pé bí nǹkan ṣe rí níbi tí macrophage, irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń gbé nǹkan mì, ti kọ́kọ́ kàn án ló ń pinnu bóyá á gbé e mì tàbí á kàn tẹ́ ara lé e.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Sọ́fítíwíà ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Tí ẹ bá fẹ́ rà á fún iṣẹ́ bakitéríà, ẹ béèrè ìbòrí ọ̀rinrin kẹ́ ẹ tó sanwó.